Awò Tí Kò Wo Ẹyẹ

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n jí awò Josiah gbé ni iṣẹ́ dé sílé láti ọ̀dọ̀ awò náà fúnra rẹ̀.

Lois Ọbáyẹmí wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Odò-Apẹ, ó ń fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu kí oòrùn má baà pa á, nígbà tí Josiah sáré wọlé dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá tí ọmọkùnrin yìí fi gbé ìlú òyìnbó ti jẹ́ kó máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí kí èèyàn.

"Màmá, ó ti sọ̀rọ̀!"

"Okun o," ni Lois kọ́kọ́ kí i, kò sì gbójú sókè.

Ojú ti Josiah, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè. "Okun, màmá. Ẹ má bínú. Awò yẹn ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ìgbà tí fóònù mi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárọ̀ yìí ló wọlé."

Lois gbọn koríko kúrò lára ìró rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, tọmọdé tàgbà ìlú ló sì ń pè é ní Màmá Sí-Áì-Dì. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Bí ọkọ bá sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni, àmọ́ ó máa ń gba àwọn ìyàwó nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi díẹ̀ ná.

Awò tí wọ́n jí yìí kì í ṣe awò ojú lásán. Awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn ni, irú èyí tí àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń gbé kọ́rùn, tí ẹyẹ tó wà lókèèrè réré yóò fi dà bí ẹni pé ó bà lé ọ nímú. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ṣe é. Kò tíì dé ọjà. Mẹ́rin péré ló wà láyé, wọ́n sì fi ọ̀kan rán Josiah wá sílé kó wá fi àwọn ẹyẹ òkè Bùnù dán an wò. Bí o bá gbé e sójú, yóò sọ orúkọ ẹyẹ fún ọ, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò kọ ìhà ibi tí o kọjú sí àti bó ṣe jìnnà sí ọ tó. Kùrukùru ọyẹ́ kò dí i lójú. Ibikíbi tó bá sì ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, yóò fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Josiah. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì lè sọ ni ibi tí ẹni tó gbé e lọ́wọ́ dúró sí. Josiah ní wọn ò tíì ṣe apá yẹn parí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Emmanuella ń bọ̀ láti Àbújá wá gbà á padà fún ilé-iṣẹ́ náà. Josiah sì ti búra pé bí awò kò bá yọjú kí obìnrin náà tó dé, òun yóò fa Ebenezer, ẹni tó lò ó kẹ́yìn nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ní wíwo ẹyẹ, lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Kàbbà. Ọjọ́rú ni wọ́n wà yìí.

"Kí ló wá sọ?" ni Lois béèrè.

Josiah kà á. "Ọjọ́ Ajé, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú àárọ̀. Ìhà gúúsù, irinwó mítà ó lé méjìlá. Kò sí ẹyẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àkókò kan náà, ibì kan náà. Kò sí ẹyẹ. Lónìí, kò sí ẹyẹ, kò sí ẹyẹ, kò sí ẹyẹ. Nígbà tó yá, àparò kan." Ó na fóònù sí i. Àparò kan ló dúró nínú àwòrán lóòótọ́, ó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Àparò, màmá! Ta ló máa jí irú nǹkan báyìí gbé torí àparò tó kún gbogbo oko?"

"Kí ni ẹni náà mú pẹ̀lú awò?"

"Kò mú nǹkan kan. Ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìṣó, ó tún fi wáyà tí a fi ń gba iná sí i sílẹ̀."

"Iná inú rẹ̀ yóò pẹ́ tó ìgbà wo?"

"Ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì."

Lois mi orí. "Nígbà náà, kì í ṣe títà ni wọ́n fẹ́ tà á. Ẹni tó bá jí nǹkan láti tà á kò ní fi wáyà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mú un fẹ́ fi ríran ni. Àwọn wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó?"

"Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tí mò ń kọ́. Àti Tíṣà Babátọ́pẹ́. Ó gbé e sójú lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú mi gidigidi."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bú ọ."

*

Tíṣà Babátọ́pẹ́ jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, òun ló sì kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé kíkà. Wọ́n bá a lábẹ́ igi máńgòrò, awò tirẹ̀ lórí àyà, èyí tó ti gbó, tó fi okùn bàtà so mọ́rùn.

"Ìwọ Lois, ṣé èmi lo wá mú?"

"Okun o, Tíṣà. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ ó ju awò Josiah sódò. Gbogbo ìjọ ló gbọ́."

"Mo sọ ọ́! Mà á sì tún un sọ." Ó gbé awò àyà rẹ̀ sókè. "Èyí ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì lọ́wọ́ mi. Kò sọ orúkọ ẹyẹ kankan fún mi rí. Èmi ni mo jókòó sínú igbó, èmi ni mo bi àwọn ọdẹ léèrè, èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin wá gbé èyí dé, tó ń pe orúkọ ẹyẹ kí ojú tó rí i tán. Bó bá jẹ́ irú èyí ni wọn yóò máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ, kí ló kù tí ojú èèyàn fẹ́ ṣe?"

"Ṣé ohun tó bí yín nínú nìyẹn?" ni Lois béèrè.

Tíṣà rọra sọ awò náà kalẹ̀ sáyà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ojú mi ti ń ṣú. Àwọn ẹyẹ ti di òjìji sí mi. Mo gbé awò ọmọ yìí sójú, mo rí ìyẹ́ pupa tó wà lábẹ́ ọrùn ẹyẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo ní láti dá a padà fún un, Lois. Ìyẹn ló bí mi nínú."

Lois wo orúnkún Tíṣà. Méjèèjì ló wú, ọ̀pá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọkùnrin yìí kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìsinmi. "Níbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nílùú yìí báyìí, Tíṣà?"

"Orí àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé nìkan. Ibẹ̀ náà ni gbogbo yín ń gùn lọ pe àwọn ọmọ yín."

*

Ebenezer wà nídìí alùpùpù kan tó tú palẹ̀, òróró dúdú dé ìgúnpá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, òun sì ni Josiah ti fẹ́ràn jù tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ lo lò ó kẹ́yìn," ni Lois wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo dá a padà sínú àpò rẹ̀, mo gbé e kọ́ ìṣó. Ẹ bi í, ojú rẹ̀ ni mo ṣe é."

"Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Ibí ni mo wà. Ẹni tó ni alùpùpù yìí ń pariwo lé mi lórí."

"Ó dáa. Wo àwòrán yìí."

Ebenezer nu ọwọ́, ó gba fóònù. Ó wò ó fún ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá a padà kíá. "N ò mọ ibẹ̀."

"Mi ò tíì bi ọ́ nípa ibì kankan," ni Lois wí pẹ̀lẹ́. "Ẹyẹ ni mo fi hàn ọ́."

Josiah fò sókè. "Hàbá! Ẹ rí i! Mo sọ fún yín, màmá!"

"Ẹ mú mi lọ sí Kàbbà," ni Ebenezer wí. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ibi tí ẹ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ mú mi lọ. N ò ní sọ̀rọ̀."

Lois ti rí olè tó pọ̀. Olè a máa jà, a máa búra, a máa dárúkọ ẹlòmíràn. Èyí pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹyin pamọ́ sí lẹ́nu, tí kò sì fẹ́ kó fọ́. Nǹkan tí ọmọ yìí ń ṣọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

*

Nírọ̀lẹ́, Lois gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé pẹ̀lú Josiah. Ó kọjú sí gúúsù. Kùrukùru ọyẹ́ bo gbogbo àfonífojì, kò sì sí ohun tí ojú lásán lè rí ju orí àwọn igi kajú tó dúdú lókèèrè. Ó jókòó, ó gba fóònù, ó sì fi ìka méjì fa àwòrán náà fẹ̀.

"Gbogbo wa ń wo ẹyẹ," ni ó wí. "Jẹ́ ká wo ohun tó dúró lé."

Ilẹ̀ pupa ni, amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ìdí nìyẹn tí àparò fi ń ha á, kòkòrò ń bẹ nínú ilẹ̀ tuntun. Wọ́n kó o jọ bí ebè, ṣùgbọ́n ó gùn ju ebè lọ, wọ́n sì tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ewé kajú gbígbẹ ló bò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kò sẹ́ni tó ń gbin iṣu sábẹ́ kajú," ni Lois wí. Ó rọra gbé fóònù sórí itan. "Josiah, ṣé o mọ ẹni tó kú nínú àwọn ọ̀dọ́ yín?"

"Ayọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí n tó dé. Ọ̀kadà ló gbá a lójú ọ̀nà Kàbbà. Òun ni ìbá ṣe ìkẹfà wọn."

"Ṣé o mọ àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fún un?"

"Wọ́n ní Ebenezer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni."

"Ta ló wá sílé rẹ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Kò sẹ́ni kankan. Àfi Ìyá Ayọ̀, Màmá Theresa. Ó gbé iṣu sísè wá fún mi, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ọmọ òun ìbá dì mú. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń..." Josiah fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O kò kà á mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò."

"Màmá, ó wá sunkún ni. Ta ló máa ka ẹni tó wá sunkún?"

Lois kò bá a wí. Ọmọ tó ti pẹ́ lókè òkun ni. Àwọn tó wà nílé mọ̀ pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí ayé. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ a ti ẹnu wọn pa. Ebenezer rí ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú fóònù, ó sì yàn láti lọ sẹ́wọ̀n ju kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá Ayọ̀. Kò mọ̀ pé ìyá náà ló ya àwòrán ọ̀hún.

"Kí ló dé tí kò kàn ní kí n yá òun?" ni Josiah béèrè.

"Bó bá ní kó o yá òun, wàá bi í pé kí ló fẹ́ wò. Èwo ni kó sọ?"

*

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Lois nìkan ló wà lórí àpáta nígbà tí Theresa gòkè wá, awò náà lábẹ́ ìró tó fi bora. Ó rí Lois, kò sì sá. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle.

"Okun, màmá."

"Okun, Ìyá Ayọ̀."

Ojú Theresa yí padà. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò ti sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ mọ́. Màmá ni wọ́n ń pè é, tàbí Theresa, wọ́n ń yẹra fún orúkọ náà bí ẹni ń yẹra fún iná. Opó ni, Ayọ̀ sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn ọ́?" ni Lois bi í.

"Kò sẹ́nì kan. Ṣọ́bìrì mẹ́rin ni àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ yá. Wọ́n fọ mẹ́ta, wọ́n gbàgbé ìkẹrin sẹ́yìn ulé ìdáná mi. Amọ̀ pupa ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo apá ibí, oko kajú tí Baba Ayọ̀ gbìn nìkan ló ní amọ̀ pupa."

Lois rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí obìnrin yìí bá ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, òun ni ìbá jẹ́ ọ̀gá òun.

"N ò débẹ̀ o, màmá," ni Theresa wí kíákíá. "Ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀. Ojú mi nìkan ni mo rán lọ. Bí mo bá gbé e sójú, á máa kọ ọ́ sí mi lójú pé kò sí ẹyẹ, kò sí ẹyẹ. Mo ní, gbẹ́nu dákẹ́, ta ló bi ọ́ ní ẹyẹ?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Josiah sọ pé wọ́n tún ń ṣe òmíràn bọ̀, pé yóò dáa ju èyí lọ. Ṣé ìyẹn yóò lè fọwọ́ kan nǹkan?"

Lois jókòó sórí àpáta, ó sì fa obìnrin náà jókòó tì í. Kò mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ohun tó tẹnu òun jáde.

"Mo bí ọmọ kan, Ìdùnnú. Ọmọ ọdún méje ni. Ìsánlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ibà ló mú un, ọjọ́ méjì péré. Àwọn obìnrin dì mí mú sínú yàrá, àwọn ọkùnrin gbé e jáde. Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ti wá apànìyàn rí, mo ti wá ewúrẹ́ rí. Mi ò wá ìyẹn." Ó fi ìka ha ojú àpáta. "Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Ìyá Ayọ̀. Wọ́n ní yóò fúyẹ́, irọ́ ni wọ́n pa. Bí mo bá ń bo ebè láàárọ̀, mo máa ń rò ó pé bóyá ibi tó wà gan-an ni mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí mo bá lọ sí Ìsánlú, tí mi ò mọ̀."

Theresa di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo gbọ́dọ̀ gbé awò náà lọ lónìí," ni Lois wí níkẹyìn. "Wọ́n fẹ́ mú Ebenezer nítorí rẹ̀."

"Ebenezer? Ọmọ mi yẹn?" Theresa dìde. "Kái! N ò mọ̀. Ẹ gbà á. Ẹ gbà á báyìí."

"Dúró ná. Bí o bá lè débẹ̀, kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Theresa kò ronú rárá. Ó ti rò ó tẹ́lẹ̀. "Ewé kajú ti bò ó. Ayọ̀ kì í fẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbá yàrá rẹ̀ lójúmọ́."

"Máa wò mí," ni Lois wí.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Oko náà dákẹ́. Lois ṣẹ́ ẹ̀ka tútù, ó fi gbá ewé kúrò lórí ilẹ̀ pupa náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ibi tí àparò ti hú. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ilẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ó pe orúkọ Ayọ̀. Nígbà tó wo òkè, kùrukùru ti gba àpáta, kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, nítorí náà kò gbé ọwọ́ kúrò, títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

*

Ọ̀sán ni Josiah gba awò rẹ̀. Ó ti lọ bẹ Ebenezer fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú òróró alùpùpù, aṣọ rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an. Ó tan fóònù, ó ka ohun tí awò náà rán wá lówùúrọ̀: ìhà gúúsù, irinwó mítà ó lé méjìlá, kò sí ẹyẹ, fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko láìgbé e kúrò lójú.

"Kí ni mà á sọ fún Emmanuella nípa èyí?" ni ó béèrè. "Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó ṣe èyí tó kàn. Ṣé kí n pa á rẹ́ ni?"

"Má pa á rẹ́. Sọ fún un pé ó ríran."

Lois kò lọ sílé. Ó tún gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó ń sinmi lójú ọ̀nà bí àgbàlagbà, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi wọ fóònù rẹ̀. Ó pe Philip ní Ìsánlú, àbúrò ọkọ rẹ̀; ọkọ náà ti dolóògbé.

"Okun o, ọkọ mi."

"Okun, ìyàwó wa. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ìbéèrè kan ni mo ní." Ó ti bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè lọ́nà ẹgbẹ̀rún nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni ní èyí rí. "Níbo lẹ sin Ìdùnnú sí?"

Lois ń gbọ́ bí Philip ṣe ń mí. Ó ń dúró kó sọ pé èèwọ̀ ni, kó ní kí òun fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kó gé ìpè náà.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń dúró kí o bi mí," ni Philip wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà.